Ìpín Wa ní Ìta Odán

Bí ẹ bá wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lónìí, tí ẹ sọ fún kọ̀ndọ́ pé Ìta Odán lẹ ó ti bọ́ sílẹ̀ ní Fìdítì, yóò já yín sílẹ̀ níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tó fara ti ara wọn. Ẹ ò ní rí odán kankan níbẹ̀, ẹ ò sì ní rí ìta. Orúkọ nìkan ló kù. Àwọn ọmọ tó ń ta káàdì fóònù níbẹ̀ ò tilẹ̀ bèèrè ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Odán mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n na apá bo ilẹ̀ láti ẹ̀bá títì títí dé ẹnu ọjà. Bí oòrùn bá ti rọ̀, abẹ́ wọn ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí gba atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń gbà kọjá lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn Aládùúrà ń tò sí nínú aṣọ funfun kí wọ́n tó yí ìlú ká. Mọ́tò tó bá fẹ́ kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Bí àlejò bá bèèrè pé ta ló ni ilẹ̀ náà, a ó máa wò ó bí ẹni tó bèèrè pé ta ló ni òjò.

Agbo ilé mẹ́rin ló yí ìta náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní apá tó ń gbá. Apá yìí là ń pè ní ìpín. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbòǹgbò odán àárín, gbòǹgbò kan tó yọ síta bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀, ó sì parí sí ibi òkúta dúdú kan létí gọ́tà. Bí ọjà bá ku ọ̀la, àwọn ìyàwó tó kéré jù nínú agbo ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gbé ìgbálẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́. Wọn yóò gbá a títí ojú ìgbálẹ̀ yóò fi hàn lórí iyanrìn bí ẹni ya irun, tí yóò fi máa dun ènìyàn láti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ilé tí ìpín tirẹ̀ bá dọ̀tí, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn dúró ní ìpín tiwọn, wọ́n á ké sí wọn pé, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ìgbálẹ̀ yín lóyún ni, tí kò lè bẹ̀rẹ̀?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbálẹ̀ tó lóyún á ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun wọ ilé wa, tí ariwo ìgbéyàwó bá ti rọlẹ̀, obìnrin tó bá dàgbà jù nínú ilé ni yóò mú un jáde lọ sí ìta. Yóò na ọwọ́, yóò ní, "Ìpín wa rèé. Láti ibi gbòǹgbò yìí títí dé ibi òkúta yẹn." Ìyàwó yóò kúnlẹ̀, yóò gba ìgbálẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òun wálé, ẹ̀rù ló ń ba òun; òun ò tíì mọ ọkọ, òun ò tíì mọ ilé. Ọjọ́ tí wọ́n fi ìpín han òun ni ọkàn òun tó balẹ̀. Ó ní, "Mo wo ilẹ̀ yẹn, mo ní, ó dáa, mo ti ní ibi tí mò ń gbé."

Èmi nìkan ni ọmọ tí ìyá mi bí tó yè. Nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì n'Íbàdàn, kò pẹ́ sí ìgbà tí ogun abẹ́lé parí, mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrà, mo sì ń wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Látìgbà náà ni àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Tíṣà. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi a máa bèèrè ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ wọn. Tèmi kì í bèèrè ọmọ. Bí mo bá ti sọ àpò kalẹ̀, á ní, "Ìgbà wo lo máa mú ìyàwó wá, kí n lè fi ìpín hàn án?" Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀ kan sílẹ̀ de ìyàwó náà. Ó fi àjákù aṣọ pupa so ọrùn rẹ̀, ó fi í kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbá ohunkóhun. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kó ṣe sùúrù. Mo rò pé ìta kì í sá lọ.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni kánsù wá. Wọ́n ri pátákó kan mọ́ abẹ́ odán, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí i pé ìjọba ló ń bójú tó ibẹ̀. Wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù méjì kalẹ̀ fún pàǹtí. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá tó wọ kákí, wọ́n ní òun ni yóò máa gbá gbogbo rẹ̀. Inú ìlú dùn. Inú tèmi náà dùn, kí n má purọ́. Mo rò pé bí ìlú ṣe ń di ìlú ńlá nìyẹn. Baálé wa, àbúrò bàbá mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo pátákó náà bí ẹni ń wo oṣù tuntun. Ó ní, "Ojú ti là." Ìyá mi nìkan ló bèèrè pé, "Ìpín wa wá ńkọ́?"

Ìyàwó tó kéré jù nínú ilé nígbà náà ló dá a lóhùn. "Ìyá, kánsù ti gbà á."

Ọkùnrin oníkákí náà gbìyànjú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá a ò rí i mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ máa gbá ọgbà ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ò gbé ìgbálẹ̀ wọn jáde padà. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ sí? Ṣebí wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láàgùn. Ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀mù méjì náà rá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a rí i lẹ́yìn ilé ẹnì kan tó fi ń gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí, nítorí kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni. Ìkejì kún, kò sí ẹni tó dà á nù, pàǹtí bá ń dì sí ìdí rẹ̀ bí ọ̀gán. Nígbà ọsàn, òórùn ọsàn jíjẹrà á ti pàdé ènìyàn kó tó bọ́ nínú mọ́tò. Gọ́tà dí. Ewúrẹ́ gba abẹ́ odán lọ́wọ́ àwọn àgbà. Àwọn ènìyàn á fi ìka di imú, wọ́n á kọjá, wọ́n á ní, "Kánsù dà?"

Ìyá mi nìkan ni kò bèèrè. Ọjọ́ Ẹtì kan, bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò onípákó tó gbé mi láti Ìlọrà, mo rí i lábẹ́ odán àárín, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Àgbà obìnrin ni nígbà náà. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀tún rẹ̀ dọ̀tí, òsì rẹ̀ dọ̀tí. Láàárín méjèèjì, láti ibi gbòǹgbò títí dé ibi òkúta, ilẹ̀ mọ́ féfé.

Ìyá Ọlọ́sàn, tó máa ń pàtẹ lẹ́bàá títì, ń wò ó.

"Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kánsù ti gbà yín síṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ti gbà mí," ni ìyá mi wí, kò gbé orí sókè.

"Kákí yín dà?"

"Télọ̀ ló ń rán an lọ́wọ́. Ó ní aṣọ ò tó. Ẹ bọ́ tòbí yín wá, kó fi kún un."

Ìyá Ọlọ́sàn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó rí mi, ó ní, "Tíṣà, gbà wá lọ́wọ́ ìyá rẹ o!" Ó mú ọsàn kan, ó bó o fún mi. Èèpo rẹ̀ gùn bí okùn. Ó já, ó balẹ̀ sórí ibi tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Kò tilẹ̀ wo ibi tó balẹ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un. Mo wá dúró níbẹ̀ tèmi ti èèpo ọsàn lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí màá jù ú sí. Nígbà tó yá, mo kì í bọ àpò ṣòkòtò mi.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Màmá, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn ìyàwó kéékèèké ńkọ́?"

"Wọ́n ní kánsù ti gbà á."

"Ẹ̀yin náà ẹ wá fi í fún kánsù."

"Kánsù kọ́ ló fi hàn mí." Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni mo máa fi han ìyàwó rẹ?"

Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn. Mo lọ sí kánsù. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n pè mí ní ọ̀gá, ọkùnrin tó dá mi lóhùn bi mí nípa yunifásítì, ó ní ọmọ òun náà fẹ́ lọ. Ó ní, "A ti gbọ́. A máa wá wò ó." Mo tún padà lọ, ó tún fún mi ní àga. Mo sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Ìlọrà, bóyá a lè kó ọmọ ilé-ìwé jọ, ká lọ gbá a. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìlọrà gan-an, ní, "Ẹ̀yin ará Fìdítì ẹ tilẹ̀ dúpẹ́. Tiyín ṣì ku dúrọ́ọ̀mù kan." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ohun tí mi ò rò ni pé ibi tó mọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Nítorí pé ìpín wa nìkan ló ṣeé dúró sí, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà ń gbé àtẹ wọn bọ̀. Awakọ̀ tó bá fẹ́ yí mọ́tò padà, orí rẹ̀ ló ti ń yí i. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan láti agbo ilé tó kọjú sí wa kan ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré sórí apá tiwọn. Wọ́n bi í pé ta ló ní kó kọ́ ọ. Ó ní, "Ṣebí ìpín ilé wa ni?" Wọ́n bá fi í sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu, bó ṣe dùn ún gbọ́ létí tó.

Télọ̀ tí ìyá mi dárúkọ fún Ìyá Ọlọ́sàn, ọmọ Baálé wa ni. Ó ti kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń ránṣọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Mo ti rí i níbi tó ti ń na òwú sókè síhà ẹnu ọ̀nà kó tó lè rí ojú abẹ́rẹ́. Ọ̀sán Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí Baálé pe gbogbo ilé jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ilé iwájú ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ìpín tiwọn. Ilé tó tẹ̀ lé wọn ti kó pákó jáde. Tiwa nìkan ló kù tí ewúrẹ́ ń sùn sí."

"Ewúrẹ́ kankan ò sùn sí ìpín wa rí," ni ìyá mi wí.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Télọ̀ yí sí i wéré. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ìpín ta ni?"

"Ìpín wa."

"Láti ibo dé ibo?"

Ojú ìyá mi tàn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó jókòó tọ́, ó na ọwọ́ síhà ìta. "Láti ibi gbòǹgbò odán àárín títí dé ibi òkúta dúdú. Bí wọ́n ṣe fi hàn mí nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe fi han ẹni tó fi hàn mí nìyẹn."

Baálé lu itan. "Ó parí. Ẹlẹ́rìí wo la tún ń wá?"

"Ẹlẹ́rìí kí ni?" ni ìyá mi bèèrè.

"Pé ilẹ̀ wa ni."

"Ọkọ mi, mi ò pè é ní ilẹ̀ wa. Mo ní ìpín wa. Ká lè máa gbá a ni wọ́n ṣe fi fún wa."

"Ìyá Tíṣà, ta ló ń fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá ilẹ̀ onílẹ̀?"

Ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ìpín tí màmá ń sọ kì í ṣe ìpín ogún, ìpín iṣẹ́ ni; ìlú ló ni ilẹ̀, àwa ló ni gbígbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ní, "Ìlú kẹ̀? Ṣebí kánsù ti gbà á lọ́wọ́ ìlú?" Ẹlòmíràn ní, "Kánsù ọ̀hún dà?"

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú," ni Télọ̀ wí fún mi. "Ní yunifásítì, ìpín lè jẹ́ méjì. Nílé yìí, ẹyọ kan ni." Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi yín o. Bí mi ò bá kọ́ ọ, tí Ìyá ò bá sì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ta ló máa gbá a?"

Mo wo àwọn ìyàwó tó jókòó. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mo jókòó. Títí di òní ni mo ṣì ń bi ara mi ní ìbéèrè náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ìyá mi pè mí. "Òótọ́ ni mo sọ níbẹ̀, àbí kì í ṣe òótọ́?"

"Òótọ́ ni, màmá."

"Kí ló wá dé tó fi dà bí irọ́ nígbà tó dé ẹnu wọn?"

Mo lọ sí kánsù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin náà ò fún mi ní àga lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ọ̀gá, ilé yín ní ń kọ́lé, ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń fẹjọ́ sùn?"

Pákó àti páànù ni Télọ̀ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó fi bùlọ́ọ̀kù mọ ọ́n. Gbòǹgbò odán ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tẹ́jú, wọ́n bá fi àáké gé e, wọ́n da sìmẹ́ńtì bò ó. Òkúta dúdú ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ilé yòókù náà ń kọ́ tiwọn. Pátákó kánsù ṣubú lọ́jọ́ kan tí ìjì jà. Ìyá Ọlọ́sàn gbé e dábùú orí gọ́tà, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè rí ibi tẹ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Odán àárín wọ́ ewé nígbà ọyẹ́, kò rúwé mọ́. Bí ọjà bá ku ọ̀la, ìyá mi á ṣì gbé ìgbálẹ̀ jáde, á dúró díẹ̀ lẹ́bàá ògiri Télọ̀, á tún padà wọlé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni mo gbéyàwó, ọmọ Ìlọrà kan, olùkọ́ bíi tèmi. Mo ti sọ fún un nípa ìta náà nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra. Bóyá mo sọ ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí àwọn àlejò ìgbéyàwó lọ tán, mo rí i tí ìyá mi dìde, tó mú ìgbálẹ̀ ọlọ́rùn pupa kúrò lára ògiri, tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

Ó ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ ká lọ."

Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. A gba orí pátákó Ìyá Ọlọ́sàn kọjá gọ́tà, a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ti mọ ohun tó yẹ. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ tó wà níbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá mi na ọwọ́ tirẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Ìpín wa rèé," ni ó wí. "Láti ibi..."

Ó ń wá gbòǹgbò. Ojú rẹ̀ wo ògiri, ó wo páànù, ó padà sí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ yọ orí jáde, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. "Ìyàwó wa! Káàbọ̀ o! Wọlé, kí n wọ̀n ọ́. Ti ìyàwó tuntun, ọ̀fẹ́ ni!" Ó rí ìgbálẹ̀. "Háà, Ìyá. Ẹ má ṣe wàhálà mọ́, èmi náà ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Ìyá mi wo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà náà. "Títí dé ibi òkúta yìí," ni ó wí fún ìyàwó mi, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Oníbàárà kan ti inú ṣọ́ọ̀bù jáde, ó tẹ òkúta náà mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ó sì kọjá.

Ìyá mi sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, aṣọ rẹ ti bà jẹ́." Ó fi ìgbálẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. "Gbà. Máa fi gbá yàrá yín."

"Ẹ ṣé, màmá," ni ìyàwó mi wí.